Nọ́ńbà PSA Kan Kì í Dá Ẹjọ́: Bí Ọkùnrin Ẹ̀pẹ́ Ṣe Lè Mọ Ibi Tí Ewu Pròsítéètì Rẹ̀ Dé

Bàbá apẹja kan wọlé sí lábù wa láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, láti apá Ejìnrìn. Òórùn ẹja ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ ìwé èsì kan jáde láti inú àpò dàńṣíkí, ó ti ká a sí mẹ́rin. Wọ́n tẹ PSA 18.4 sórí rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wo ewu jẹjẹrẹ pròsítéètì, ẹnì kan sì ti fi báírò pupa yí i po. Ọmọ rẹ̀ ti wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ti sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni. Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwọ̀n àti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Mo bi í pé, "Bàbá, nígbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yìí, ṣé ìtọ̀ ń ta yín bí ata?"

Ó ní, "Bí ata kọ́, ọmọ mi, bí iná ni. Ara mi tún ń gbóná."

Àkóràn ló wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Dókítà fún un lóògùn, a dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, a tún ẹ̀jẹ̀ gbà: 3.1. Ó lọ gba ọkọ̀ rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ìyẹn náà sì dá ìjà tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé.

Èmi kì í ṣe dókítà. Ẹni tó ń fa ẹ̀jẹ̀ tó sì ń yí i nínú ẹ̀rọ ni mí. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tó pé kì í ṣe àyẹ̀wò yìí gan-an ló ń ṣi àwọn ọkùnrin lọ́nà. Wíwò tí wọ́n ń wo nọ́ńbà kan ṣoṣo, láìwo ohun tó yí i ká, ló ń ṣi wọ́n lọ́nà. Ọ̀nà tí mo máa ń là kalẹ̀ fún àwọn bàbá àti ẹ̀gbọ́n tó bá bi mí nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Pròsítéètì jẹ́ ẹ̀yà ara ọkùnrin tí kò ju èso awùsá lọ púpọ̀. Ó jókòó sábẹ́ àpò ìtọ̀, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde sì la àárín rẹ̀ kọjá. Jẹjẹrẹ tó ń mú un ló wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọkùnrin Nàìjíríà nínú gbogbo jẹjẹrẹ.

Ohun mẹ́ta ni ẹnikẹ́ni kì í jiyàn lé lórí nípa ewu rẹ̀: ọjọ́ orí, ẹ̀jẹ̀ ìdílé, àti jíjẹ́ aláwọ̀ dúdú. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin 1 nínú 8 ni yóò ní in láyé rẹ̀. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, ó di 1 nínú 4. Ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí arákùnrin rẹ̀ bá ti ní in, ewu tirẹ̀ á tó ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìdílé yìí ló ṣòro jù láti mọ̀. Nínú ilé Yorùbá, ẹnikẹ́ni kì í kú ikú jẹjẹrẹ pròsítéètì. Àìsàn ráńpẹ́ ni. Ayé ló ṣe é. Ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ má bèèrè orúkọ àrùn lọ́wọ́ àwọn àgbà, ẹ bi wọ́n ní ohun tí ojú wọn rí. Ṣé ìtọ̀ há mọ́ bàbá yẹn lára rí? Ṣé wọ́n fi rọ́bà gba ìtọ̀ lára rẹ̀? Ṣé ẹ̀yìn àti ìbàdí ń ro ó lóru, tí kì í jẹ́ kó sùn? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọ iṣẹ́ lẹ́yìn náà? Ọmọ ọdún mélòó ni nígbà yẹn?

Ìtọ̀ tó há lè má ju pròsítéètì tó wú lásán lọ, wíwú yìí kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Ìrora ẹ̀yìn tó parí sí ẹsẹ̀ rírọ ni kí etí yín ṣí sí, torí pé inú egungun, pàápàá egungun ẹ̀yìn, ni jẹjẹrẹ yìí fẹ́ràn láti lọ nígbà tó bá kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí àbúrò bàbá mi ṣe lọ nìyẹn. Egbò kan kò sí lára rẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín oṣù mẹ́rin ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Títí dòní, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ṣì gbà pé ẹbọ oríta ló kọjá lórí.

Ẹ má sì fi ìdílé ìyá sílẹ̀. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ BRCA2. Tó bá bàjẹ́, ó ń fa jẹjẹrẹ ọmú àti ti ilé ẹyin lára obìnrin, ó sì ń fa èyí tó le nínú ti pròsítéètì lára ọkùnrin. Ìyá lè gbé e fún ọmọkùnrin rẹ̀. Bí ìyá yín àti àbúrò rẹ̀ bá ní jẹjẹrẹ ọmú nígbà tí wọn kò tíì darúgbó, ọ̀rọ̀ yín nìyẹn náà, ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

Ní ti ọjọ́ orí tó yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ràn American Cancer Society, àjọ Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ, ni pé kí ọkùnrin tí ewu rẹ̀ kò pọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ ní 50, aláwọ̀ dúdú tàbí ẹni tí bàbá tàbí arákùnrin rẹ̀ ní in kó tó pé 65 ní 45, ẹni tí ó ju ọ̀kan lọ nínú ẹbí rẹ̀ tímọ́tímọ́ tó ní in bẹ́ẹ̀ ní 40. Ọkùnrin Ẹ̀pẹ́, 45 nìyẹn, kí á tó ka ìdílé mọ́ ọn rárá.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ má jẹ́ kí nǹkan mìíràn bá yín kọ èsì

PSA jẹ́ èròjà tí pròsítéètì fúnra rẹ̀ ń pèsè sínú omi àtọ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn la sì ń wọ̀n. Ohunkóhun tó bá da pròsítéètì láàmú, ìbáà ṣe jẹjẹrẹ, wíwú tàbí àkóràn, á jẹ́ kó jò sí i.

Nítorí náà, fún wákàtí 48 ṣáájú, ẹ má bá ìyàwó sùn, ẹ má sì gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bí àkóràn bá wà nínú ìtọ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀ ná, kí ẹ sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bákan náà ni bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rọ́bà gba ìtọ̀ lára yín tàbí tí wọ́n gé ẹran kékeré lára pròsítéètì láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí dókítà bá fẹ́ fi ìka yẹ ìdí wò lọ́jọ́ kan náà, ẹ jẹ́ kí á gba ẹ̀jẹ̀ kó tó ti ìka bọ̀ ọ́. Ẹ kò nílò kí ẹ febi pa ara yín. Ẹ jẹ ẹ̀kọ yín kí ẹ tó wá.

Èyí tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé ni oògùn. Finasteride àti dutasteride, tí wọ́n ń fún ẹni tí pròsítéètì rẹ̀ wú, máa ń gé PSA sí ìdajì lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ẹni tó ń lò ó tí èsì rẹ̀ jẹ́ 3.0, ó yẹ ká kà á sí 6.0. Finasteride kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ ń lò kí irun wọn má baà já, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní dárúkọ rẹ̀ bí a bá bi wọ́n pé oògùn wo ni wọ́n ń lò, torí pé ohun ọ̀ṣọ́ ni wọ́n kà á sí. Tamsulosin, oògùn mìíràn tí wọ́n ń fún ẹni tí pròsítéètì rẹ̀ wú, kì í gé PSA bẹ́ẹ̀. Àgbo náà, ẹ sọ ọ́. A kì í bá ẹnikẹ́ni jà nítorí àgbo.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ní lábù

Ẹ̀jẹ̀ tí a gbà láti ìgbọ̀nwọ́ máa ń dúró nínú igo bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó lè dì. Lẹ́yìn náà a ó yí i nínú ẹ̀rọ, pupa á sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀, omi kan tó mọ́ bí òróró ẹ̀pà á sì léfòó. Inú omi yẹn ni PSA wà. Láàárín wákàtí díẹ̀ ló yẹ kí a ti yà á kúrò lórí ẹ̀jẹ̀ tó dì, kí ó sì wọ inú òtútù. Nítorí náà, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ yín pé, "Ṣé níbí ni ẹ ti ń ṣe é, àbí ẹ̀ ń gbé e lọ sí Èkó?" Bí wọ́n bá ń gbé e lọ, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti yà á, àti bóyá yìnyín wà nínú kúlà. Mo ti rí igo ẹ̀jẹ̀ rí lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tó há sínú gosíló lọ́jọ́ tí oòrùn ń jó. Ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ yẹn ń retí èsì.

Ẹ má gba ìwé tí wọ́n kàn kọ "positive" tàbí "negative" sí. Bébà pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, tó ń fi ìlà kan tàbí méjì hàn. Ohun tó lè sọ kò ju bóyá PSA kọjá 4 lọ. Nọ́ńbà gan-an ni ẹ nílò, tí wọ́n kọ ng/mL sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lábù kan náà ni kí ẹ sì máa lọ lọ́dọọdún, torí pé ẹ̀rọ oríṣiríṣi lè fún ẹ̀jẹ̀ kan náà ní nọ́ńbà tó yàtọ̀ díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kíka nọ́ńbà náà

Gbogbo ayé ló mọ 4. Ọdún 1986 ni FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn, kọ́kọ́ fọwọ́ sí àyẹ̀wò PSA, fún ẹni tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ní jẹjẹrẹ. Ọdún 1994 ni wọ́n gbà pé kí wọ́n máa fi wá a, pẹ̀lú ìka dókítà. Láti ìgbà yẹn ni 4 ti di ààlà. Ààlà tó ń jò ni. Nínú ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti gé ẹran wò lára àwọn ọkùnrin tí PSA wọn kò kọjá 4, bí 15 nínú 100 ló ní jẹjẹrẹ. Lódìkejì, bí PSA bá wà láàárín 4 sí 10, bí 1 nínú 4 ló ní in, ìyẹn ni pé mẹ́ta nínú mẹ́rin kò ní in. Tó bá kọjá 10 ni ó ju ìdajì lọ.

Ọjọ́ orí náà ń gbé e sókè, torí pé pròsítéètì ń tóbi bí a ṣe ń dàgbà. Ìwọ̀n tí àwọn dókítà kan ń lò ni 2.5 fún ẹni ogójì ọdún sí 49, 3.5 fún 50 sí 59, 4.5 fún 60 sí 69, àti 6.5 fún 70 sí 79. Ẹ wá rí i pé 3.8 lára ọmọ ọdún 46 yẹ kó da ẹnìkan láàmú ju 5.5 lára bàbá ẹni ọdún 74 lọ, bẹ́ẹ̀ ìwé èsì á kọ "normal" sí ti àkọ́kọ́.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ràn gẹ́gẹ́ bí onílábù. Ní Malmö, nílẹ̀ Sweden, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọkùnrin tó pé 60 ọdún ní 1981, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù. Àwọn ọkùnrin náà dàgbà, àwọn kan kú, nígbà tó sì pẹ́ tó ni wọ́n padà wọn PSA inú ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ yẹn. Àwọn tí PSA wọn kò kọjá 1 ní 60, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí jẹjẹrẹ pròsítéètì pa nínú wọn títí dé 85. Ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ kan sọ nípa ọdún 25! Òyìnbó ni wọ́n o, n kò ní kí aláwọ̀ dúdú fi ìyẹn sùn. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ̀ pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ yín, èyí tí ẹ gbà nígbà tí ara yín ṣì le, wúlò ju èyí tí ẹ gbà lọ́jọ́ tí ìtọ̀ há.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìṣirò kékeré

Ká ní PSA yín jẹ́ 6.2. Ẹ sinmi ná. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ lọ ya sìkáànù pròsítéètì kí ẹ mọ bó ṣe tóbi tó, kí ẹ wá fi ìtóbi náà pín PSA. Bí sìkáànù bá ní mílílítà 62, 6.2 tí a fi 62 pín jẹ́ 0.10. Pròsítéètì tó tóbi ló ń pèsè PSA tó pọ̀, bí ilé tí ènìyàn pọ̀ sí ṣe ń pariwo. Ṣùgbọ́n bí sìkáànù bá ní 28, èsì ìṣirò náà á jẹ́ 0.22. Ilé kékeré, ariwo ńlá. Tó bá ti kọjá 0.15, dókítà á fẹ́ wo inú rẹ̀ dáadáa.

Èkejì ni PSA tó dá dúró, tí a ń pè ní free PSA. Èyí tó pọ̀ jù nínú PSA ló máa ń so mọ́ èròjà mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀, ìyókù á dá wà. Nínú jẹjẹrẹ, èyí tó dá wà máa ń kéré. Fún ẹni tí PSA rẹ̀ wà láàárín 4 sí 10, tí èyí tó dá wà bá ju 25 nínú 100 lọ, ewu rẹ̀ rẹlẹ̀. Tí kò bá tó 10, ewu náà ga. Èyí ni oòrùn ń bà jẹ́ jù o, ẹ rántí kúlà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀

Ẹ̀rọ ìṣirò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, orí fóònù yín náà lè gbé e. Èyí tí wọ́n fi ìwádìí Amẹ́ríkà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣe ń jẹ́ PCPT, ti Rotterdam ní Netherlands náà wà. PCPT á bi yín ní ẹ̀yà, ọjọ́ orí, PSA, bóyá ó wà nínú ẹbí, ohun tí ìka dókítà rí, àti bóyá wọ́n ti gé ẹran wò rí. Ó máa fún yín ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún: èyí tó le, èyí tí kò le, àti kò sí rárá. Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fi ṣe é, nítorí náà ẹ gbé ìwé rẹ̀ lọ fún dókítà bí ìbéèrè. Ẹni tó bá sì kọ ìka dókítà nítorí ìtìjú, ìlà kan á ṣófo nínú ìṣirò rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kì í tó o.

Ìgbésẹ̀ keje: ìgbé ayé

Níbí ni irọ́ ti pọ̀ jù. Lójú ọ̀nà Ìtọ́ìkín, nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀ ń gbọ́ wọn: oògùn tó ń fọ pròsítéètì, fítámì tí kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ wá. Wọ́n ti dán fítámì E wò ní tòótọ́, lára ọkùnrin tó ju 35,000 lọ, nínú ìwádìí tó ń jẹ́ SELECT. Èsì tó jáde ní 2011 ni pé àwọn tó ń lo 400 IU lójoojúmọ́ ní jẹjẹrẹ pròsítéètì ju àwọn tí kò lò ó lọ, pẹ̀lú ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Selenium kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá na fítámì E sí yín fún pròsítéètì, ẹ ra gúgúrú dípò rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ dúró ni sísanra: ó ń mú ewu èyí tó ti tàn kálẹ̀ pọ̀ sí i. Ó tún ní ẹ̀tàn nínú. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára ẹni tó sanra, PSA rẹ̀ á sì fọ́n ká nínú rẹ̀ bí iyọ̀ nínú ìkòkò ńlá, nọ́ńbà á kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Alága tí ikùn rẹ̀ ti bo bẹ́líìtì kò gbọdọ̀ fi 3.4 yangàn. Sìgá ń jẹ́ kí ẹni tó bá ní in tètè kú. Rírìn àti iṣẹ́ agbára dára, pàápàá fún ẹni tó ti ní in. Tòmátì sísè, wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ púpọ̀, ẹ̀rí kò lágbára. Ẹ máa jẹ ọbẹ̀ yín.

Àti pé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn tó ń da àtọ̀ ní ìgbà 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù kì í fi bẹ́ẹ̀ ní in tó àwọn tó ń ṣe é ní ìgbà 4 sí 7. Mo sọ èyí nígbà kan níwájú àwọn àgbà mẹ́rin tó ń dúró de èsì. Ọ̀kan ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n sì buwọ́ lù ú, òun fẹ́ mú un délé. Mo ní ó lè jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ le ló ń lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọn kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí ó bá di ti dókítà

Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ẹ̀pẹ́ lè kọ ìwé fún yín lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ìtọ̀ ní LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Bí owó bá wà, ẹ bèèrè MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, kí wọ́n tó gé ẹran, torí ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí wọn ó gé, ó sì ń yọ àwọn kan kúrò nínú gígé pátápátá. Lẹ́yìn gígé, wọn á fún un ní nọ́ńbà Gleason: 6 ni kò le, 8 sí 10 ni ó le.

Bó bá jẹ́ 6, ẹ má sáré ta ilẹ̀. Ìwádìí kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé ọkùnrin 1,643 tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì kúrò nínú pròsítéètì. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan, wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú àwọn kan, wọ́n kàn ń ṣọ́ àwọn yòókù. Lẹ́yìn ọdún 15, bí 3 nínú 100 ni àrùn náà pa, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra lórí ìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sọ ọ́ síta ní 2014 pé òun ní in, wọ́n sì ti tọ́jú òun. Ẹni 80 ọdún ni nígbà tó sọ ọ́.

Bí ìtọ̀ bá há pátápátá, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń kú tìpìrì pẹ̀lú ìrora ẹ̀yìn, ẹ má dúró de PSA. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kódà lóru.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ọjọ́, nọ́ńbà, lábù, oògùn tí ẹ ń lò, bóyá ara yá lọ́jọ́ yẹn. Bàbá apẹja wa kò ra ìwé tuntun. Ẹ̀yìn ìwé tó fi ń kọ gbèsè àwọn ẹlẹ́ja Ọjà Olúwo ló ń kọ tirẹ̀ sí: 18.4, 3.1, 3.3, 3.2. Nígbà tó fi hàn mí kẹ́yìn, nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lábẹ́ orúkọ ìyá kan tó jẹ ẹ́ lówó àpẹ̀rẹ̀ ẹja àrọ̀ méjì, ó sì ti fi báírò pupa yí ti ìyá náà po.